Ẹ má tíì gbé máṣíìnì bàbá yín sórí ìwọ̀n

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wálé fún Iléyá tàbí Kérésìmesì láti Èkó, Ìbàdàn tàbí Abuja, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí i. Ó wà lẹ́yìn ilé, lábẹ́ páànù tó kù lára ilé ìdáná àtijọ́, tàbí ní kọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí adìyẹ ń yé sí. Táyà rẹ̀ ti rọ̀ mọ́lẹ̀, àga rẹ̀ ti ya, eruku ti bo orúkọ Honda, Suzuki tàbí Yamaha tó wà lára táǹkì. Ẹnì kan nínú ẹbí sì ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì pé, "Ẹ jẹ́ ká kúkú gbé nǹkan yìí fún àwọn tó ń ra irin, ó kàn ń gba ààyè ni." Àwọn tó ń ra irin náà ò jìnnà. Wọ́n ń ti ọmọlanke káàkiri láti Òkínní dé Ìlobùú, láti Ifọ́n dé Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, pẹ̀lú ìwọ̀n lọ́wọ́. Wọn kì í béèrè ọdún tí wọ́n ra máṣíìnì náà. Iye kílò tó wọ̀n ló kàn wọ́n.

Èmi ò fara mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn máṣíìnì Japan àtijọ́ wọ̀nyẹn kò tíì kú, oorun ni wọ́n ń sùn. Ẹni tó bá ní sípánà mẹ́fà, sùkúdíráfà gidi kan àti Sátidé mẹ́ta lè jí i dìde nínú àgbàlá bàbá rẹ̀, kó sì máa tọ́jú rẹ̀ fúnra rẹ̀ láti ìgbà náà lọ. Tí mo bá ń sọ báyìí, àwọn ọ̀rẹ́ mi kan máa ń rò pé ìfẹ́ nǹkan àtijọ́ ló ń dà mí láàmú, bí àwọn tó ń kó àwo rẹ́kọ́ọ̀dù jọ. Rárá o. Owó ni mò ń sọ. Mo sì ń sọ nípa pé kéèyàn mọ inú ohun tó ń gùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí bí wọ́n ṣe dé. Ní 1974 ni ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji jẹ́ alága rẹ̀ gbé àbọ̀ jáde lórí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Nígbà tó fi máa di 1975, àfikún owó náà, pẹ̀lú èyí tó yẹ kí wọ́n ti gbà sẹ́yìn, bọ́ sọ́wọ́ àwọn èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Títí di òní, àwọn àgbà ṣì ń pe àsìkò yẹn ní ìgbà Udoji. Tíṣà, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé kóòtù, àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn tó ń lọ láti abúlé sí abúlé: owó yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn fi ra máṣíìnì àkọ́kọ́ láyé wọn. Ní 1979, Honda dá iléeṣẹ́ alùpùpù sílẹ̀ ní Ọ̀tà, ìpínlẹ̀ Ògùn. Nígbà tí SAP dé ní 1986, tí owó oṣù ò ká nǹkan mọ́, máṣíìnì tí wọ́n fi ń lọ síbi iṣẹ́ náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi gbé èrò. Orúkọ tí aráàlú fún un ni ọ̀kadà, látara Okada Air, iléeṣẹ́ bàálù Gabriel Igbinedion. Ẹ ò rí i pé Nàìjíríà mọ èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́: ẹ jókòó sẹ́yìn Suzuki, wọ́n ní bàálù lẹ wọ̀.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó pè é ní pàǹtí, ẹ bi ìyá yín léèrè ohun tó san owó ilé ìwé yín.

Àwọn tó ṣe wọ́n pàápàá, iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ti wá. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá Soichiro Honda, ó sì tún máa ń ṣe kẹ̀kẹ́ fáwọn èèyàn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ní 1946, tí kò sí ọkọ̀, tí kò sí epo, ẹ́ńjìnnì kéékèèké tí àwọn ológun fi ń gbé iná fún rédíò wọn ni ọmọ alágbẹ̀dẹ yìí rà, tó ń so mọ́ kẹ̀kẹ́. Suzuki ní tiwọn, òfì ìhunṣọ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1909, ó di 1952 kí wọ́n tó fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ alẹ́ńjìnnì. (Ẹ̀yin ará Ìṣẹ́yìn, ṣé ẹ gbọ́ o?) Ohun tí àwọn èèyàn báwọ̀nyí bá ṣe, wọ́n ṣe é kí ẹlòmíràn lè tú u, kó sì tò ó padà.

Ẹ wo Super Cub, èyí tí a mọ̀ sí Honda 70 tàbí 90 níbí. Ní 1958 ni ti àkọ́kọ́ jáde. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀ ni pé wọ́n fẹ́ kí ọmọ tó ń gbé oúnjẹ lọ fún oníbàárà lè fi ọwọ́ kan wà á, kí ọwọ́ kejì di àwo mú. Ìdí nìyẹn tí kò fi ní klọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́: ẹsẹ̀ lẹ fi ń yí gíà, klọ́ọ̀ṣì á sì tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 2017, wọ́n ti ṣe ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù rẹ̀. Kò sí ọkọ̀ alẹ́ńjìnnì mìíràn tí wọ́n tíì ṣe tó bẹ́ẹ̀ láyé yìí.

Ṣùgbọ́n èyí tó wù mí jù láti sọ̀rọ̀ lé lórí ni CG125, tó jáde ní 1976. Àwọn ẹnjinníà Honda lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè tí máṣíìnì wọn ti ń tètè bàjẹ́, wọ́n lọ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n rí ohun tí gbogbo wa mọ̀ lójú títì wa: èèyàn mẹ́ta lórí ẹyọ kan, àpò ìrẹsì níwájú, ọ́ìlì tí wọn ò pààrọ̀ títí tó fi dúdú bí ọ̀dà. Wọn ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi o. Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n lọ tún ṣe. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì wọn nígbà náà, òkè, ní orí ẹ́ńjìnnì, ni kámù tó ń ṣí fáàfù máa ń wà, ṣéènì kékeré kan ló ń yí i, ó sì nílò ọ́ìlì tó mọ́ kó tó lè pẹ́. Nínú CG, wọ́n gbé kámù wá sí ìsàlẹ̀, wọ́n wá fi ọ̀pá tín-ín-rín méjì ti fáàfù láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ṣéènì ẹ̀yìn, wọ́n fi irin bò ó kí yanrìn má bàa wọ̀ ọ́. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é fún ẹni tí kò ní tọ́jú rẹ̀ ni.

Ẹ wá rò ó wò. Tí ẹ́ńjìnnì kan bá lè gba ìyà lọ́wọ́ ẹni tí kò tọ́jú rẹ̀ fún ogún ọdún, kí ni kò ní ṣe fún ẹni tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò?

Oore kejì tún wà lára rẹ̀. Àwọn ará China ṣe àdàkọ ẹ́ńjìnnì CG yìí títí a ò fi lè ka iye iléeṣẹ́ tó ń ṣe é mọ́. Nítorí náà, pístìn, rìǹgì, gásíkẹ́ẹ̀tì, klọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ṣì wà lọ́jà. Ẹ lọ sí Gate n'Ibàdàn, ẹ lọ sí Nnewi tó jẹ́ orírun ọjà páàtì máṣíìnì ní ilẹ̀ yìí, ẹ máa rí i. Máṣíìnì tí wọ́n ṣe ṣáájú kí ẹ tó dáyé, páàtì rẹ̀ wà lórí àtẹ. Fóònù tí ẹ rà ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ńkọ́? Ẹ wá ojú rẹ̀ lọ ná.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá rí báyìí, kí ló ń pa wọ́n? Kì í ṣe ogbó. Ọwọ́ ni.

Mo ti wo orí ẹ́ńjìnnì tó pọ̀ tí àpá ṣísẹ́ẹ̀lì wà lára rẹ̀ bí ilà ojú. Ṣíkúrúù tó bá le, wọ́n á fi ṣísẹ́ẹ̀lì àti òòlù gbá a títí yóò fi yí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ṣíkúrúù olórí àgbélébùú tí wọ́n fi ń de máṣíìnì Japan àtijọ́ yàtọ̀ sí ti òyìnbó. Ìwọ̀n tiwọn tí wọ́n ń pè ní JIS ni wọ́n fi ṣe é. Sùkúdíráfà alágbèélébùú tó wà lọ́jà wa, Phillips ni, kì í jókòó dé ìsàlẹ̀ ihò náà. Tí ẹ bá fi yí i tipátipá, á yọ, á sì jẹ orí ṣíkúrúù náà. Tí ẹ bá rí àmì róbótó kékeré kan bí ojú abẹ́rẹ́ lára orí ṣíkúrúù, JIS nìyẹn sábà máa ń jẹ́. Ẹ wá sùkúdíráfà JIS rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹyọ kan tó. Tí kò bá sí, ẹ fi òkúta yanrìn yọ díẹ̀ nínú ẹnu Phillips kó lè wọlé dáadáa. Ẹ da ọ́ìlì sí ìdí ṣíkúrúù náà ní alẹ́, ẹ gbá orí sùkúdíráfà pẹ̀lú òòlù fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ tó yí i láàárọ̀. Nǹkan kékeré ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ìbínú kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Iná náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ Honda àti Yamaha àtijọ́, fóòtì mẹ́fà ni iná wọn, kì í ṣe méjìlá. Ẹnì kan á lọ ra gílóòbù méjìlá, á fi sí i, iná á máa ṣe bí àtùpà tí epo ti tán nínú rẹ̀, wọ́n á ní máṣíìnì náà ti gbó. Kò gbó jàre. Gílóòbù tí kì í ṣe tirẹ̀ lẹ fún un. Àwọn mìíràn á tún fi wáyà irin tú ihò jẹ́ẹ̀tì kábúrétọ̀ títí ihò náà á fi fẹ̀ sí i, epo á wá máa ṣàn wọlé bí omi ẹ̀rọ, pọ́lọ́ọ̀gì á dúdú, wọ́n á ní "Japan àtijọ́ ń jẹ epo."

Páàtì ayédèrú ni wàhálà kejì. Wọ́n á kọ "Genuine" sára páálí, wọ́n á ya òpó ìyẹ́ Honda sí i pàápàá, rìǹgì inú rẹ̀ kò ní lo oṣù mẹ́ta. Tèmi ni pé tí páàtì àtijọ́ tó wà nínú máṣíìnì bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ má yọ ọ́ nítorí pé ẹ rí tuntun. Kábúrétọ̀ Keihin tàbí Mikuni tó bá a wá láti Japan, tó jẹ́ pé ó kàn dọ̀tí ni, ó sàn ju tuntun inú páálí lọ nígbà mẹ́wàá. Ẹ fọ̀ ọ́. Ó máa ń dùn mí pé Òṣogbo wà nítòsí wa, níbi tí ìjọba àpapọ̀ ti gbé iléeṣẹ́ Machine Tools kalẹ̀ torí kí a lè máa ṣe irú páàtì báyìí fúnra wa. Sípúrókẹ́ẹ̀tì àti gíà ìbá máa ti ibẹ̀ jáde lónìí. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe máa ń jí èyí tó ti sùn pẹ́, nítorí àwọn kan máa ń fi ìkánjú pa á lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n á da epo tuntun lé ti àtijọ́ lórí, wọ́n á máa kíìkì títí ẹsẹ̀ á fi wú. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tú pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ kán ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bíi ṣíbí kan sínú ihò rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ẹ fi ọwọ́, kì í ṣe ẹsẹ̀, tẹ kíìkì náà wálẹ̀ jẹ́jẹ́. Tó bá yí, ìròyìn ayọ̀ nìyẹn. Tí kò bá yí, ẹ tún kán ọ́ìlì sí i, ẹ tún dúró. Rìǹgì tó lẹ̀ mọ́ sílíńdà lè gba ọ̀sẹ̀ kan kó tó tú. Ẹni tó bá fò lé e lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lè kán an.

Ọ́ìlì ìsàlẹ̀, ẹ dà á nù pátápátá. Honda 70 kì í gba tó lítà kan, CG ń gba bíi lítà kan. Àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké yìí kò ní fílítà oníwèé bíi ti mọ́tò, ọ́ìlì náà nìkan ló ń gbé ìdọ̀tí kiri, ìdí nìyẹn tí mi ò fi máa ń jẹ́ kí tèmi kọjá kìlómítà 1,500 kí n tó pààrọ̀ rẹ̀. Eruku ọ̀nà Ẹ̀rìn sí Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe eruku Tokyo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ọ́ìlì àtijọ́ sí gọ́tà o. Gọ́tà wa, odò ló ń lọ. Ẹ bu ú sínú kẹ́ẹ̀gì, káfíńtà máa gbà á lọ́wọ́ yín láti fi kun igi nítorí ikán.

Lẹ́yìn náà ni táǹkì. Ẹ da epo inú rẹ̀ jáde, ẹ gbóòórùn rẹ̀: tó bá ń rùn bí fáníìṣì, kò wúlò mọ́. Tí inú rẹ̀ bá ti dípẹtà, ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ àti omi ọṣẹ sí i, ẹ mì ín títí apá á fi ro yín, ẹ ṣan án, ẹ sá a sóòrùn títí á fi gbẹ. Kábúrétọ̀ ló tẹ̀ lé e. Ẹ fi fóònù ya àwòrán gbogbo ìpele bí ẹ ṣe ń tú u, àǹfààní tí ẹ̀yin ní tí àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì àtijọ́ ò ní nìyẹn. Ihò jẹ́ẹ̀tì, ẹyọ okùn bàbà kan ṣoṣo láti inú wáyà iná ni kẹ́ ẹ fi gbọ̀n ọ́n, torí bàbà rọ̀, kò ní fẹ ihò. Ẹ wá gbé pọ́lọ́ọ̀gì lé ara orí ẹ́ńjìnnì, ẹ kíìkì, ẹ wò ó bóyá ó ń tú iná aláwọ̀ búlúù. Ibi tí ẹ ti máa ṣe èyí kò gbọdọ̀ súnmọ́ epo tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dà jáde, mo mọ̀ pé ẹ gbọ́n, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Tí kò bá tú iná, nínú àwọn tó ti pẹ́ gan-an, kọ́ńtáàtì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ fi yanrìn pépà tó kúnná fọ̀ ọ́, kí ẹnu rẹ̀ sì ṣí tó bí mìlímítà 0.3 sí 0.4. Ẹnu pọ́lọ́ọ̀gì ń fẹ́ 0.6 sí 0.7. Tápẹ́ẹ̀tì, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù nìkan ni kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án: 0.05 fún Honda 70, 0.08 fún CG. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àwọn àlàfo yìí, fílà gééjì ni wọ́n ń pè é, kò wọ́n. Mẹkáníìkì tó bá ní òun ń fi etí wọn tápẹ́ẹ̀tì, ẹ yìn ín fún etí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì yọ fílà gééjì yín jáde.

Ó tán. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ìyókù ni ṣéènì, tó yẹ kó máa mì sókè sódò bíi sẹ̀ǹtímítà méjì, àti bíréèkì. Nígbà tí ẹ bá ṣí bíréèkì àtijọ́, ẹ má fi ẹnu fẹ́ eruku inú rẹ̀, torí asbestos wà nínú ọ̀pọ̀ bíréèkì ìgbà náà, ẹ̀dọ̀fóró ló ń bà jẹ́. Aṣọ tútù ni kẹ́ ẹ fi nù ún.

Kí ẹ má bàa ṣì mí gbọ́, mi ò bá àwọn mẹkáníìkì jà. Títa sílíńdà, gíà inú, sípóòkù tó wọ́, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ àgbàlá, ẹ gbé e lọ fún ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n, kẹ́ ẹ sì san owó rẹ̀ láì nájà bí ẹni tó ń ra tòmátì. Ìṣòro tó wà ni pé àwọn ọ̀gá tó mọ Japan àtijọ́ ti ń dàgbà, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì ti di ọ̀wọ́n. Àwọn tó kù, Boxer àti Kẹ̀kẹ́ Marwa ni wọ́n kọ́. Ìmọ̀ tápẹ́ẹ̀tì àti kọ́ńtáàtì ń kú lọ ní orí àwọn bàbá kan tí wọ́n jókòó sábẹ́ igi ní ẹ̀bá títì. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ṣe fídíò fún TikTok, ẹ ò ṣe lọ jókòó tì wọ́n ní wákàtí méjì, kẹ́ ẹ ká ohùn wọn sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fún wọn lówó ọtí?

Ó yẹ kó tètè yé àwa tí a wá láti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, torí ìlú onílù ni tiwa. Láti ọ̀dọ̀ àwọn ìdílé bíi ti Àyánkúnlé ni bàtá àti dùndún ti dé Jámánì àti Amẹ́ríkà. Ọmọ tí wọ́n bí sílé àyàn kì í dúró de ẹlòmíràn kó tó fa ọṣán ìlù rẹ̀ le. Tí awọ bá ya, wọ́n á ṣí i, wọ́n á fi awọ ewúrẹ́ mìíràn bò ó, igi ọ̀mọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà. Ẹ fi lọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ pé ẹ fẹ́ ta ìlù bàbá rẹ̀ ní iye igi ìdáná, kẹ́ ẹ wá wo ohun tí ojú yín máa rí.

Nípa owó, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Mílíọ̀nù kan náírà kò ra Boxer tuntun mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbà á kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n bá ṣírò ohun tí wọ́n san ní ìparí, orí á fọ́ wọn. Wọ́n ń gun máṣíìnì tí kì í ṣe tiwọn, wọ́n ń sá fún ẹni tó ni ín ní ọjọ́ tí ọjà kò bá tà. Honda tó wà lẹ́yìn ilé wọn, gbèsè kankan kò sí lórí rẹ̀. Epo náà wà ńbẹ̀. Kí Ààrẹ Tinubu tó kéde ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà kan kò tó 200 náírà. Kí 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,000. Kábúrétọ̀ ìdọ̀tí tí a lè fojú fò nígbà yẹn, olè ni lónìí.

Ohun mìíràn tún wà tí mi ò lè ṣàì sọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, nígbà tí ìjà ilẹ̀ Ìlobùú, Ifọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun tún bẹ́ sílẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde konílé-ó-gbélé. Mi ò fẹ́ dá ẹjọ́ ilẹ̀ níbí, àwọn tó tó o dá wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ àwọn ìlú yìí mọ̀ pé ilé fara kan ilé, àlejò ò lè mọ ibi tí Ìlobùú parí sí tí Ifọ́n bẹ̀rẹ̀. Mẹkáníìkì tí ẹ ti ń lò láti ọdún mẹ́wàá lè wà ní òdìkejì títì, kó sì di pé ẹ ò lè kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀, òun náà ò lè kọjá sọ́dọ̀ yín. Àwọn tó lè de bíréèkì wọn fúnra wọn, tí wọ́n lè fọ pọ́lọ́ọ̀gì wọn, ni wọ́n rí nǹkan gùn nígbà tí títì ṣí fún wákàtí díẹ̀ tí ẹni tó ní ìyá àgbà ní láti gbé e kúrò níbi tí kò fọkàn balẹ̀. Mi ò gbàdúrà kó tún ṣẹlẹ̀. Àmọ́ mi ò ní ṣe bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ṣé gbogbo wọn ló yẹ kí a jí? Rárá. Férémù tó bá ti dípẹtà débi pé ìka yín ń wọ inú rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, kí ó má lọ pa yín lójú ọ̀nà. Àwọn Suzuki tó ń sun ọ́ìlì mọ́ epo, bí A100 àti AX100, mo fẹ́ràn ohùn wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń fín ará àdúgbò, tí ọ́ìlì inú kòlòbó ẹ̀gbẹ́ wọn bá sì tán láìfura, pístìn á lẹ̀ nígbà kan náà. Ẹni tó bá máa jí irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wo ọ́ìlì yẹn bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ lẹ́bàá kànga. Ọ̀rọ̀ ìwé náà wà níbẹ̀: ẹ wá ìwé máṣíìnì náà nínú àpótí bàbá yín, ẹ fi nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti férémù wé e, tí bàbá bá sì ti lọ, ẹ lọ yí orúkọ padà ní ọ́fíìsì láìsanwó ẹ̀yìn. Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ má sọ pé ẹ máa gbé e wá gbé èrò: láti ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹfà, ọdún 2022 ni wọ́n ti fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà nílé, kí àbúrò yín máa fi lọ sóko tàbí síléèwé. Ẹ sì ra akoto fún un, ojúlówó.

Tí ẹ bá wò ó títí tí ẹ rí i pé ọwọ́ yín kò ká a, ẹ ta odindi rẹ̀, pẹ̀lú ìwé rẹ̀, fún ẹni tó máa gùn ún. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà, wọ́n sì máa ń san ju iye irin lọ. Èyí tó bá wà ní kọ̀rọ̀ yín ní Iléyá tó ń bọ̀ yìí, ẹ tú pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀, ẹ kán ọ́ìlì sí i, ẹ lọ jẹ ẹran. Ní ọjọ́ kejì, ẹ fi ọwọ́ tẹ kíìkì náà wálẹ̀. Tó bá yí, ẹ sọ fún onímọlanke pé kó máa lọ.